Iná Ààrò Gàrí

Ní àwọn abúlé tó yí Mọ́níyà, Lálúpọn àti Àkànràn ká, lágbègbè Ìbàdàn, ta ló mọ iná tó ẹni tó ń yan gàrí? Àárọ̀ títí dọjọ́ rọ̀ ló fi ń jókòó ti ààrò: ọwọ́ kan di àkúfọ́ igbá tó fi ń yí gàrí nínú àgbada, ọwọ́ kejì ń ti igi.

Ẹ wo èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tì wọlé. Kò tíì jó. Omi ń hó yọ ní orí rẹ̀ tó wà níta, ó ń dún ṣíín-ṣíín. Igi tútù mìíràn wà tó jẹ́ pé omi kó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀, àfi kí omi yẹn sì kúrò kí igi tó lè gbóná dé ibi tí yóò ti jó. Lẹ́yìn omi ni èéfín funfun á yọ, tó ki. Ara igi ló ń tú, tó ń di gáàsì. Nígbà tí ooru bá ti tó bíi 300 dígírì, ọwọ́ iná á gbá gáàsì náà, gbàù! Ẹ tẹjú mọ́ ìdí ọwọ́ iná ọ̀hún dáadáa: kò fara kan igi. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ọ́síjìn, tó kó bí ìdá 21 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí à ń mí, ni kábọ́ọ̀nù àti háídírójìn inú gáàsì yẹn ń lọ bá. Wọ́n á tú kúrò níbi tí wọ́n ti so pọ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n á so mọ́ ọ́síjìn. Ìdè tuntun yìí le ju ti àtijọ́, ohun tó sì fi le jù ú ló ń jáde bí ooru àti ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ló ti kó agbára náà pa mọ́ láti ìgbà tí igi ṣì wà lóòró, tó ń rúwé.

Ohun tó ń dùn mí nípa èéfín nìyí: igi tí wọ́n fowó rà ni, tó ń lọ láìjó. Ó ń ta ẹni tó ń yan gàrí lójú, ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì bá a yan ẹ̀kún ọwọ́ gàrí kan. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún aláboyún 324 n'Íbàdàn, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2017, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru kò pọ̀ láàárín àwọn tó gba sítóòfù ẹtanọ́ọ̀lù tó ti àwọn tó ń dá igi tàbí kẹrosíìnì. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í há igi mọ́nú ààrò. Á fa méjì sẹ́yìn, á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rí àyè kọjá, èéfín á sì fúyẹ́.

Tí gáàsì bá tán lára igi, ó ku ògúnná, pupa fòò, láìsí ọwọ́ iná. Ojú ògúnná gan-an ni ọ́síjìn ń bá a báyìí. Àkókò tí àgbada ń dára jù nìyẹn, torí ooru rẹ̀ dúró sójú kan. Igi àyìn ni wọ́n ń yìn fún èyí, nítorí ó wúwo, ògúnná rẹ̀ sì pẹ́.

Omi inú gàrí tútù ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ooru tó bá dé inú àgbada. Láti mú lítà omi kan tó ti hó gbẹ tán, ó gba bí ìlọ́po méje ooru tó mú un hó. Nítorí náà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bá fi jáàkì fún dáadáa kí wọ́n tó sẹ́ ẹ, igi díẹ̀ ló máa jẹ, ẹni tó ń yan án á sì tètè kúrò nídìí èéfín.