Ìyàwó Tuntun Létí

Bí hẹ́dífóònù tuntun bá jáde, oṣù mẹ́ta ni mo máa ń fún ariwo rẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn tí ilé iṣẹ́ fi í ránṣẹ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀: àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí ní iye owó yìí. Lẹ́yìn náà, èrò á ya. Àwa tó kù á máa bi ara wa pé, "Tìẹ ti dé?" bí ẹni ń béèrè aboyún. Tó bá fi máa di oṣù kẹta, ẹnì kan á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé tírẹ́bù rẹ̀ ń gún òun létí. Ó parí. Gbogbo ẹni tó ti ń fọwọ́ ra etí ní kọ̀rọ̀ á jáde wá jẹ́rìí, ọba ọjọ́sí á sì wọ inú dúrọ́ọ̀.

FOTM (*flavour of the month*) ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi mọ̀ ọ́n ní aṣọ ẹbí. Lọ́jọ́ ìnáwó, kò sí aṣọ tó tó o. Tó bá di ọdún kejì, ó ti di àpò ìrọ̀rí.

*

Ní 2018, iye ẹ̀rọ kéékèèké tó ń mú ohùn jáde nínú íápíìsì ni gbogbo wa ń kà. KZ, ilé iṣẹ́ kan ní Ṣáínà, gbé ZS10 jáde: márùn-ún nínú etí kan. Nígbà tó di 2019, AS16 tiwọn dé pẹ̀lú mẹ́jọ. À ń kà á bí ẹni ń ka ọmọ ayò. Ọdún 2019 yẹn náà ni BLON BL-03 já wọlé, nǹkan bí dọ́là 30, ẹyọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo nínú etí kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ka mẹ́jọ lánàá yíjú padà, wọ́n ní ẹyọ kan ló dára jù, pé mẹ́jọ ń dá ara wọn lóhùn.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé BL-03 kì í dúró létí. Ẹnu rẹ̀ tó ń wọ ihò etí kúrú, rọ́bà inú páálí rẹ̀ kò sì mú un dáadáa. Àwọn tó ń yìn ín gan-an ló ń sọ pé kí ènìyàn tètè lọ ra rọ́bà mìíràn. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo to oríṣi rọ́bà mẹ́fà sórí tábìlì, mo ń fi wọ́n wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá bàtà fún ọmọ tí kò fẹ́ lọ sílé ìwé. Mẹ́rin àkọ́kọ́, béèsì kò sí rárá, ohùn rí pẹlẹbẹ bí agolo. Bí mo ṣe ki ìkarùn-ún bọ̀ ọ́, ó dí ihò etí mi pa, béèsì sì ya wọlé bí àlejò tí wọ́n ti lẹ̀kùn mọ́ sóde láti àárọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà ló ń kó béèsì lọ. Ó wá yé mi pé ẹni tó ní kò ní béèsì àti ẹni tó ní béèsì rẹ̀ pọ̀ jù kò parọ́, bẹ́ẹ̀ ni odindi oṣù kan ni wọ́n fi bú ara wọn.

*

Wọ́n ní kí n jẹ́ kí orin máa kọ nínú hẹ́dífóònù tuntun kan fún ọgọ́rùn-ún wákàtí kó tó "là". Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó là. Àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé èyí tí mo ti ń lò láti ọdún mẹ́ta náà là sí i lọ́sẹ̀ yẹn. Mo tún ṣàkíyèsí pé nígbà tí ọgọ́rùn-ún wákàtí fi máa pé, ọjọ́ tí ènìyàn lè dá ọjà padà ti kọjá.

*

Àwọn Òyìnbó tó wà nídìí eré yìí máa ń fi "Hotel California" tí àwọn Eagles kọ níwájú èrò, tó wà lórí àwo wọn ti 1994, dán hẹ́dífóònù wò, nítorí ìlù tó wà níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó dáa. Èmi, dùndún ni mo fi ń dán an wò. Hẹ́dífóònù tí ohùn àárín rẹ̀ bá rì, ìyáàlù á máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe: wàá mọ̀ pé ó ń pe orúkọ ẹnì kan, o ò ní mọ orúkọ ẹni náà. Gúdúgúdú ló máa ń tú àṣírí èyí tó bá lọ́ra. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni fún tírẹ́bù. Tó bá dún bí ẹni ń da iyanrìn sórí páànù, mo ti mọ ibi tó ń lọ. Fún béèsì, mo máa ń gbé *Synchro System* ti King Sunny Adé, 1983, kí n sì máa tẹ̀ lé gìtá béèsì nìkan láàárín gbogbo gìtá yẹn. Bí ó bá sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, ẹjọ́ hẹ́dífóònù ni.

Ìyìn tí n kò tíì rí kà rí ni èyí tó sọ pé, "Ìlù ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, mo sì gbọ́ ohun tó sọ."

*

Hẹ́dífóònù Sennheiser HD 600 jáde ní 1997, wọ́n ṣì ń ṣe é. Gbogbo ayé ló yìn ín, èmi náà yìn ín. Àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ là gbayawu bí asẹ́. Bí orin ṣe ń jáde síta ni ariwo òde ń wọlé. Inú iyàrá tó dákẹ́ rọ́rọ́ ni wọ́n jókòó sí kọ ìyìn yẹn. N'Íbàdàn, tí wọ́n bá múná lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì á dá ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀ mọ́ gbogbo orin tí mo bá gbé sí i. Ó ti lé ní ọdún kan tí mo ti ń gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná wá dúró lálẹ́ ọjọ́ kan, tí àdúgbò pa lọ́lọ́, ó ṣe mí bíi pé béèsì hẹ́dífóònù mi ti bàjẹ́.

*

Àwa Yorùbá mọ oríṣi ọjà kan dáadáa: kí ènìyàn púpọ̀ da owó jọ kí owó ọjà lè wálẹ̀. Massdrop, ilé iṣẹ́ kan ní San Francisco, fi irú rẹ̀ ṣòwò. Wọ́n bá Sennheiser sọ ọ́, ni HD 650 tó ti wà láti 2003, tí iye tí wọ́n kọ sí i lára jẹ́ nǹkan bí dọ́là 500, bá di HD 6XX ní nǹkan bí dọ́là 200. Wáyà rẹ̀ kúrú sí i, àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí aró. Inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Ó ya mí lẹ́nu bí àwọn kan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ àìpé nínú rẹ̀ kété tí gbogbo ènìyàn lè rà á.

*

Ìtàn kan wà tí kì í sú mi. HD 650 yẹn, ohm 300 ni ìdènà iná rẹ̀. Íápíìsì kékeré sábà máa ń jẹ́ 16 tàbí 32. Tí o bá ki méjèèjì bọ fóònù kan náà láì fọwọ́ kan fọ́lúùmù, ti kékeré á pariwo, ti ńlá á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Èyí tó bá ròkè sì ni etí máa ń pè ní dáadáa. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń ní kí ènìyàn lọ ra àmpílífáyà, ibẹ̀ ni ariwo mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó lówó lórí ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ní 2011, ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní NwAvGuy ya àwòrán àmpílífáyà kékeré kan tó pè ní O2, bátìrì 9V méjì lè gbé e, ó sì fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi òjé lẹ wáyà lè tò ó fúnra rẹ̀. Kò fi orúkọ rẹ̀ hàn, kò fi ojú rẹ̀ hàn. Ohun tó ń sọ kò ju pé kí wọ́n wọn nǹkan kí wọ́n tó yìn ín, kí wọ́n yé fi etí lásán búra. Ní 2012, ó dákẹ́. Kò sí ẹni tó tún gbúròó rẹ̀ títí di òní.

Kí ni àwọn tó kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wá ṣe? Wọ́n sọ O2 di ìyàwó tuntun. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ràn ohùn rẹ̀, wọ́n á fi àwòrán ìwọ̀n gbá a lójú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìwọ̀n rí.

*

Onímọ̀ nípa ohùn kan, Jeroen Breebaart, wọn hẹ́dífóònù 283, ó gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2017: kò rí ìbátan kankan láàárín iye owó wọn àti bí ohùn wọn ṣe pín láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo lọ wo iye tí mo ti ná, mo sì pa ìwé náà dé.

*

Kò sí ohun tí àwa tó wà nídìí eré yìí fi máa ń rẹ́rìn-ín bíi hẹ́dífóònù Beats, ilé iṣẹ́ tí Apple fi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là rà ní 2014. Wọ́n ní ìpolówó lásán ni, pé olórin ni wọ́n fi ń tà á. Ẹni tó bá mi sọ bẹ́ẹ̀ ní íápíìsì mọ́kànlá, ìpolówó ló fi ra mẹ́wàá nínú wọn, ti ẹlòmíràn tí kò gba kọ́bọ̀.

*

Koss Porta Pro jáde ní 1984 nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ṣì ń tà á. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó ń yọ̀ lórí ara wọn ni wọ́n fi ṣe orí rẹ̀, kànìnkànìn dúdú ló wà létí. Òun ni mo máa ń gbé fún ẹni tó bá ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohun tí mo ń náwó lé lórí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé e kọ́rí lọ́jọ́ Àìkú, ó gbọ́ orin méjì, ó ń mi orí.

"Bọ̀dá, ó dùn o. Èyí tó wọ́n jù dà?"

Mo ní ó wà nínú dúrọ́ọ̀. Bó ṣe fẹ́ ṣí i kúrò lórí, irin yẹn gé e jẹ, ó kígbe. Ó dá a padà fún mi pẹ̀lú fọ́nrán irun mẹ́ta nínú rẹ̀.