Ohun tó rọ̀ kọ́ ló ń gbé ẹsẹ̀ ró

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun òkè Màpó, tí ẹ tún ń sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà'ba lójoojúmọ́, ọ̀rọ̀ yín rèé. Iṣẹ́ ìdúró ni tèmi náà: tí mo bá wàásù tán, àtẹ́lẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ké sí mi.

Ìtẹ́ inú bàtà tó jẹ́ fóòmù máa ń tu ẹsẹ̀ lára níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ tó bá pẹ́, á tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó le ló ń gbé àárín àtẹ́lẹsẹ̀ tí kì í kan ilẹ̀ ró, tí kì í jẹ́ kẹ́sẹ̀ yẹ̀ sínú. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ fọwọ́ ká a láàárín. Tó bá ká bíi bébà, ẹ dá a padà. Ẹ yọ ti àtijọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó ki tuntun bọ̀ ọ́, kí bàtà má fún yín. Wákàtí kan péré lọ́jọ́ kìíní, kẹ́ ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tẹ́sẹ̀ rẹ̀ ti ń kú tipiri, má dá a rà o! Ohun líle lè dá egbò sí i lẹ́sẹ̀ láìmọ̀. Kó kọ́kọ́ rí dókítà. UCH ti wà n'Íbàdàn láti 1957. Ká gbàdúrà, ká sì tún tọ́jú ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ yín ò ní yẹ̀ lórúkọ Jésù.