Hámóníkà Tí Mo Rà

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó wù mí láti máa fi hámóníkà kọ orin ìyìn nílé. Owó ìfẹ̀yìntì kò ṣeé fi ṣòfò, nítorí náà n kò wo èyí tí ń dán jù. Oníhò mẹ́wàá tí dò rẹ̀ jẹ́ C ni mo rà. Láti ihò kẹrin dé ìkeje, bí a ti ń fẹ́ tí a sì ń fà, dò-rè-mì pé pérépéré. Nínú ihò mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ óò wá fà àti là tì. Èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ ike ni mo yàn, nítorí itọ́ a máa mú igi wú, a sì máa họ ètè. Mo dán ihò kọ̀ọ̀kan wò kí n tó sanwó. Ìyá àwọn ọmọ mi ṣì ń pè é ní ariwo.