Ọ̀lẹ Kọ́ Ni Eku Náà

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ pé eku ni mo fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú nílé ìwádìí yunifásítì kan kí n tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Eléku lẹ sọ mí dà, inú kò sì bí mi. Àwọn eku náà kọ́ mi ní nǹkan kan tí ó kan àwọn ilé kan láàrin wa.

Ní 1976, David Olton ní Johns Hopkins, Amẹ́ríkà, àti ẹnìkejì rẹ̀ kan ṣe pèpéle tí ọ̀nà mẹ́jọ yà láti ara rẹ̀. Oúnjẹ wà ní ìpẹ̀kun ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí eku bá ti jẹ ti ọ̀nà kan, ó tán níbẹ̀ nìyẹn, nítorí náà ó ní láti máa rántí ibi tí ó ti dé. Eku tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe kì í sábà tún ọ̀nà kan náà wọ̀. Irú ìrántí yìí ni ìyàwó ilé ń lò tí kì í fi fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún eku ní scopolamine, yóò bẹ̀rẹ̀ sí padà síbi tí ó ti jẹ tán. Scopolamine yìí wà nínú gegemu tí àwọn àgbà ń kìlọ̀ fún wa nípa rẹ̀ nílé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbé kọ́ ni mo gbé wá. Ní 1991, John Salamone àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Connecticut gbé oúnjẹ méjì síwájú eku. Kí ó tó rí èyí tí ó dùn, yóò tẹ irin kan lẹ́ẹ̀marùn-ún. Èyí tí kò dùn tó bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Eku tí kò gba oògùn, irin ló ń tẹ̀. Wọ́n wá fún un ní haloperidol díẹ̀, oògùn àìsàn ọpọlọ tí ó máa ń dí dopamine lọ́wọ́. Irin kò wù ú tẹ̀ tó ti àná mọ́. Ti ilẹ̀ ló ń jẹ, ó sì ń jẹ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ ò rí i pé ẹnu rẹ̀ kò kọ oúnjẹ! Ní 1994, wọ́n fi ògiri wáyà dí ọ̀nà tí oúnjẹ pọ̀ sí. Eku tí ó gba oògùn yà síbi tí oúnjẹ kéré. Nígbà tí kò sí ògiri, ibi tí oúnjẹ pọ̀ sí ló gbà. Kò gbàgbé ibẹ̀, kò sì kórìíra oúnjẹ. Gígun ògiri ni ọkàn rẹ̀ kò gbé mọ́.

Ìyá kan nínú wa ní ọmọkùnrin kan tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti pa ohùn tí ó ń gbọ́ lẹ́nu mọ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ òun ti ya ọ̀lẹ. “Bàbá, bí mo bá gbé iyán àti ẹ̀fọ́ rírò lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, á jẹ ẹ́, á lá ọwọ́. Bí mo bá ní kó sọ̀ kalẹ̀ wá bù ú ní kíṣìnnì, kò ní wá. Ṣé ó ń gbàgbé ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀?” Mo ní ó lè má jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Mo sọ ti ògiri wáyà fún un.

Lóòótọ́, ènìyàn kì í ṣe eku, àìsàn yẹn fúnra rẹ̀ sì lè gba ìfẹ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni láìsí oògùn rárá. Dókítà ló lè yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n láàrin àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ òru pọ̀ mọ́ tọ̀sán nílẹ̀ yìí, kò sí èébú tí ó dunni tó “ọ̀lẹ”, ọmọ náà sì ń gbọ́ Yorùbá dáadáa.

Ó bi mí bóyá kí àwọn da oògùn náà nù. Mo ní rárá o! Bí a bá dá a dúró lójijì, ohùn wọ̀nyẹn lè padà. Kí ó mú bírò, kí ó kọ ohun tí ọmọ náà ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò ṣe mọ́, kí àwọn méjèèjì jọ gbé e lọ fún dókítà, nítorí ìwọ̀n oògùn ṣeé yí padà, oògùn fúnra rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀. Ó ti kọ ojú ìwé kan àbọ̀ kí n tó wọ bàtà mi tán.