Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ ní Ilé Àyẹ̀wò

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ní ilẹ̀ máa ń ṣú bá ọ ní ilé àyẹ̀wò, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Kòkòrò tí oògùn ò ràn mọ́ ni ò ń fọwọ́ kàn, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ torí ooru.

Inú mi dùn pé pẹ́pítáìdì, èròjà tó ń pa kòkòrò, lo yàn fún iṣẹ́ rẹ. Mo ti ka ìtàn àkèré Michael Zasloff tipẹ́. Bethesda, l'Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Á la ikùn àkèré kó lè yọ ẹyin wọn, á rán an, á sì dá wọn padà sínú omi tó kún fún kòkòrò. Egbò ọ̀hún kì í kẹ̀! Ó wá inú awọ wọn títí, ó sì kéde lọ́dún 1987 pé pẹ́pítáìdì tó pè ní magainin ló ń ṣọ́ wọn.

O mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ jù mí lọ. Awọ bakitéríà á fà á mọ́ra, pẹ́pítáìdì á wá lu awọ náà, ohun inú rẹ̀ á sì dà síta. Nínú àwo, ó dùn-ún wò: àyíká ibi tí o kán an sí á mọ́ gaara.

Ara ènìyàn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ́ńsáìmù á ti gé e wẹ́wẹ́ kó tó débi àrùn. Bó bá sì pọ̀, ó lè lu awọ tiwa náà. Ìdánwò ẹ̀jẹ̀ tí o ṣàlàyé fún mi lórí fóònù yẹn, má fò ó, ẹnikẹ́ni ì báà máa kán ọ lójú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣù sí ìsàlẹ̀ ike, tí omi òkè mọ́, ọpẹ́ ni. Bí omi náà bá pọ́n, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ti bẹ́ nìyẹn.

Pexiganan tí wọ́n mú jáde lára magainin, ìpara ni, fún egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ. Mo di irú egbò bẹ́ẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì; mo mọ òórùn rẹ̀, mo mọ àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Àfi bí FDA, àjọ tó ń fọwọ́ sí oògùn l'Amẹ́ríkà, ò ṣe fọwọ́ sí i lọ́dún 1999. Ó dùn mí, kí n má purọ́.

Má bọ́hùn, Àbẹ̀kẹ́. Colistin tí dókítà ń sá dì nígbà tí oògùn yòókù bá kọ̀, ara ẹbí pẹ́pítáìdì náà ni. Ó ń yọ kíndìnrín lẹ́nu o, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń lò ó. Daptomycin, tó wá láti ẹbí kan náà, gbàṣẹ l'Amẹ́ríkà ní 2003. Ọ̀nà ò tíì dí.

Bí wọ́n bá ní kí o pa pẹ́pítáìdì tìrẹ tì lọ́la, má rò pé ìwọ ni wọ́n kọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn, torí mo mọ bí o ṣe máa ń gbé nǹkan sọ́kàn. Bí èsì ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, pè mí, ì báà mọ́, ì báà pọ́n.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ