Àga Tí A Rà fún Bàbá Wa

Bàbá wa ti dé láti London, ó sì ń kí yín lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ fún àdúrà àti ìbẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìrìn àjò náà tí kò yẹ kí a dá nìkan jẹ.

Ọdún 1962 ni Bàbá dé Kánò, ọmọ ọdún 19. Obì gbáńja ni ó ń tà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń sọ apẹ̀rẹ̀ obì kalẹ̀ láti inú lọ́rì. Nígbà tí àwa ọmọ rẹ̀ rí jẹ, a ní kí ó sinmi. A gba kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì ra àga onítìmùtìmù fún un. Bàbá sanra, ojú rẹ̀ ń dán, gbogbo ènìyàn sì ń yìn wá.

Ní ọdún 2023, mímí bẹ̀rẹ̀ sí í nira fún un. Dókítà ní ilẹ̀kùn kékeré tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn rẹ̀ ti le, kò ṣí dáadáa mọ́. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó wà ní London ní kí a gbé e wá fún iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní TAVI. Wọn kì í la àyà. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan ni wọ́n sábà máa ń ti ilẹ̀kùn tuntun gbà dé ọkàn. Dókítà Alain Cribier ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún ènìyàn, ní ìlú Rouen ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 2002.

Wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ CT ya àwòrán inú ara rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ni iṣẹ́ Godfrey Hounsfield, tí wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn ní London ní ọdún 1971. A rò pé wọ́n fẹ́ wọn ọkàn nìkan ni. Àfi bí dókítà ṣe fi àwòrán ìbàdí hàn wá, ní ọ̀gangan egungun ìbàdí kẹta. Ó ní ibi tí ó dúdú ni ọ̀rá, ibi tí ó rí bí eérú ni ẹran iṣan. Ọ̀rá pọ̀, iṣan ti tín-ín-rín.

Ó ṣàlàyé pé ìwádìí púpọ̀ ti fi hàn pé àgbà tí iṣan rẹ̀ kéré sábà máa ń pẹ́ ní ilé ìwòsàn lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ewu ikú sì pọ̀ fún un ju ti ẹlòmíràn lọ. Òṣùwọ̀n kò lè sọ èyí: ẹni méjì lè wọ̀n bákan náà, kí ọ̀kan jẹ́ iṣan, kí èkejì jẹ́ ọ̀rá. Ṣùgbọ́n àwòrán kì í ṣe ìdájọ́, nítorí náà wọ́n tún wo bí ó ṣe ń yára rìn tó.

Kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ nínú wa. Bàbá ni ó fọhùn: “Mo ti ń sọ ọ́ pé àga yẹn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀.”

Wọ́n fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà ni oúnjẹ rẹ̀. Ó ń dìde, ó ń jókòó, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, lójú àwọn olùtọ́jú. Iṣẹ́ náà yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ọjọ́ 12 ni ó lò níbi tí àwọn mìíràn ti lo mẹ́ta. Ọ̀pá ni ó fi ń rìn títí di òní.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. A ti dá kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ padà fún Bàbá. Bí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀, òun ni ẹ ó bá lẹ́nu ọ̀nà.

Àwa ọmọ Bàbá Olóbì, Sábó Gàrí, Kánò.