Ojú Ìyá Wa ní Òru Ẹ̀fẹ̀

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ojú tí mo wá títí tí n kò rí.

Gbogbo wa mọ̀ pé òru ni a ń ṣe Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án. Ní 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó jẹ́ ara àwọn ogún pàtàkì aráyé. Ṣùgbọ́n ogún kan wà nínú rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ilé wa. Ìyá ìyá mi ni ó máa ń ṣíwájú àwọn obìnrin tí ń gbe orin. Ní òru tí mò ń wí yìí, àtùpà kan ṣoṣo ni ó wà níwájú wọn. Mo gbé kámẹ́rà tuntun dání, mo sì fọkàn tán autofocus rẹ̀, èyí tí ń fúnra rẹ̀ mú kí ohun tí a kọjú sí hàn kedere.

Ó já mi kulẹ̀. Awò rẹ̀ ń lọ síwájú, ó ń bọ̀ sẹ́yìn, kò rí ohun tí yóò dì mú. Ó tan iná pupa kékeré kan láti fi wá ọ̀nà. Bàbá kan fọwọ́ kàn mí léjìká: "Ọmọ, pa iná yẹn. Òru àwọn ìyá wa nìyí." Mo tọrọ àforíjì, mo sì pa á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wo àwòrán tí ó lé ní 60. Àtùpà hàn kedere títí dé òwú rẹ̀; lẹ́yìn rẹ̀, ojú ìyá wa dà bí ìkùukùu. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Àtùpà lo wá yà ni, ọkọ mi?" Kí ọdún Ẹ̀fẹ̀ mìíràn tó dé, wọ́n ti papò dà.

Mo wá mọ ìdí rẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ ìyá yàtọ̀ sí àtùpà. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pààlà ni ó ń wá. Ojú tí ó wà nínú òjìji kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Iná àtùpà ní in, òun ni kámẹ́rà bá lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ óò ya àwòrán fún ìrántí ẹgbẹ́ wa, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà, kí ẹ sì pa iná pupa náà. Ẹ lo awò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀: f/1.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ bí ìlọ́po 5 ti f/4. Ẹ kọ ààmì àárín sí etí gèlè tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, níbi tí iná ti pàdé òkùnkùn. Bí kò bá tún mú un, ẹ pa autofocus, kí ẹ fi ọwọ́ yí awò.

Àwòrán àtùpà yẹn ṣì wà lára ògiri mi. Àwọn ọmọ mi máa ń bi mí pé ta ni ó jókòó lẹ́yìn iná. Ẹnu ni mo fi ń ya ojú ìyá wa fún wọn.